Gọ́ọ̀mù wo lẹ fẹ́ fi lẹ bàálù yín?

1/ Ẹ gbọ́ ná. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣe bàálù kékeré onígi balsa tó yẹ kó máa fò nínú gbọ̀ngàn. Mo da gọ́ọ̀mù bò ó kó má bàa tú. Mo jù ú sókè, gbì! Imú ló fi já lulẹ̀. Gọ́ọ̀mù ti sọ ọ́ di ẹrù.

2/ Ni mo bá lọ ka ìtàn Mosquito, bàálù ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́kọ́ fò ní November 1940. Igi lara rẹ̀: balsa láàárín, pákó fẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, gọ́ọ̀mù ló so wọ́n pọ̀.

3/ Inú wàrà ni wọ́n ti rí gọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ yẹn. Ó mú dáadáa, àmọ́ tí ọ̀rinrin bá ti wọ̀ ọ́, ó ń bàjẹ́. Awakọ̀ tó wà lókè wá ńkọ́? Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí ti kẹ́míkà tó lè fara da omi.

4/ Tèmi ò ní rí òjò láéláé. Gọ́ọ̀mù funfun tí mo fi omi là, tí mo fi ẹnu abẹ́rẹ́ kán sí oríkèé igi, ti tó. Omi á gbẹ, ìwọ̀n á fúyẹ́.

5/ Torí náà, ẹ má kọ́kọ́ bi mí pé èwo ló lágbára jù. Níbo ni bàálù yín ti fẹ́ fò?