Kírénè: Ìlú Battus lórí Ilẹ̀ Adicran

Nígbà tí ìjì Daniel jà ní ìlà-oòrùn Líbíà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ìlú Derna ni gbogbo ayé sunkún fún, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbàrá òjò yẹn tún ya wọ àárín àwọn àlàpà Kírénè, lórí òkè lẹ́bàá Shahat. Ìdí nìyí tí mo fi gbé ìtàn ìlú náà kalẹ̀, kí omi má baà gbé òun náà lọ. Ibẹ̀ ni Símónì tó ru àgbélébùú Jésù ti wá. Ilẹ̀ Áfíríkà wa ni.

Ní nǹkan bí ọdún 631 kí a tó bí Jésù ni àwọn Gíríìkì tẹ̀ ẹ́ dó. Àwọn ará erékùṣù Thera sọ fún Herodotus òpìtàn pé ọ̀dá ló lé àwọn dé ọ̀dọ̀ Apollo ní Delphi, òrìṣà sì rán Battus sí Líbíà. Àwọn ará Kírénè ní nítorí pé akólòlò ni Battus ló ṣe lọ wádìí. Èmi kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Èyí tí a bá gbà nínú méjèèjì, wọ́n lo ọdún méjì ní erékùṣù Platea àti mẹ́fà ní Aziris. Àwọn ará Líbíà ló mú wọn dé ìsun omi Apollo, tí wọ́n ní ojú ọ̀run lu níbẹ̀, nítorí òjò kì í wọ́n wọn. Ẹni tó bá pìtàn Kírénè láìdárúkọ onílẹ̀, àbọ̀ ìtàn ló pa.

Àwọn ọba ibẹ̀ nìyí: Battus Kìíní, 40 ọdún lórí ìtẹ́, Arcesilaus Kìíní, ọdún 16, Battus Kejì (Olóríire), Arcesilaus Kejì (Òǹrorò), Battus Kẹta (Arọ), Arcesilaus Kẹta, Battus Kẹrin, Arcesilaus Kẹrin, tí ẹṣin rẹ̀ gba ipò kìíní ní Delphi.

Láyé Olóríire ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ó pe àwọn Gíríìkì wá pín ilẹ̀, wọ́n sì rọ́ dé. Ilẹ̀ ta ni wọ́n ń pín? Adicran, ọba àwọn ará Líbíà, fi ara rẹ̀ sábẹ́ Apries ọba Íjíbítì, Apries sì rán ogun sí Kírénè. Ní Irasa, ní nǹkan bí ọdún 570 kí a tó bí Jésù, àwọn ará Kírénè pa ọmọ ogun Íjíbítì ní ìpakúpa, ìjákulẹ̀ yẹn ló sì mú kí Amasis gba ìtẹ́ lọ́wọ́ Apries. Ẹ̀tọ́ wà lọ́dọ̀ Adicran síbẹ̀, ẹ̀san sì dé láyé Òǹrorò. Ọba yìí bá àwọn arákùnrin rẹ̀ jà. Wọ́n bínú jáde, wọ́n tẹ Barca dó, wọ́n sì ti àwọn ará Líbíà láti ṣọ̀tẹ̀. Arcesilaus gbógun dìde. Àwọn onílẹ̀ ń sá lọ síhà ìlà-oòrùn, ó ń lé wọn, títí wọ́n fi dé Leucon. Níbẹ̀ ni wọ́n yíjú padà sí i. Ẹgbẹ̀rún méje jagunjagun Kírénè tó dira ogun ló ṣubú lọ́jọ́ náà! Àìsàn dá ọba gúnlẹ̀, Learchus arákùnrin rẹ̀ fún un lọ́rùn pa, Eryxo ayaba sì fi ọgbọ́n pa Learchus.

Ìdílé Battus kúrò lórí ìtẹ́ ní nǹkan bí ọdún 440 kí a tó bí Jésù. Ptolemy Apion, ọba tó jẹ níbẹ̀ lẹ́yìn náà, fi ìlú náà sílẹ̀ fún Róòmù ní ọdún 96 kí a tó bí Jésù. Hadrian, olú-ọba Róòmù, tún un kọ́ lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Júù ọdún 115 sí 117 lẹ́yìn ìbí Jésù. Ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 365 bà á jẹ́.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì méjì, Smith àti Porcher, wú ère Apollo jáde nínú tẹ́ńpìlì rẹ̀ ní 1861, ní àfọ́kù 121, wọ́n sì kó o lọ sí London. Ère Venus tí àwọn ará Ítálì rí ní Kírénè ní 1913 ti padà sí Líbíà ní 2008. Apollo ṣì wà ní London. Kí wọ́n dá a padà.