Òǹtẹ̀ Ìdí Ìkòkò: Láti Etíkun St Ives dé Ẹ̀yìn Owó Náírà

Owó ogún náírà kò lè ra nǹkan gúnmọ́ mọ́ ní ọjà Mile 12. Síbẹ̀, ẹni tó bá yí ẹ̀yìn owó náà wò yóò rí obìnrin kan tó ń mọ ìkòkò. Ladi Kwali ni. Àwọn amọ̀kòkò tó ti kọjá lọ nílẹ̀ wa pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì lọ láìsí ẹni tó kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Báwo ni orúkọ ọ̀kan ṣe wá dé orí owó ìjọba? Kí a tó lè dáhùn, a ní láti kọ́kọ́ dé ìlú kan létí òkun.

St Ives ni ìlú náà, ní Cornwall, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú apẹja ni, àwọn ayàwòrán sì fẹ́ràn ibẹ̀. Ní 1920, Bernard Leach, tó ti kọ́ṣẹ́ ìkòkò ní Jàpáánì, àti Shoji Hamada, ọmọ ilẹ̀ Jàpáánì, dá ibi ìmọkòkò sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n tún kọ́ ààrò ìsunkòkò bí irú èyí tí wọ́n ń lò ní Jàpáánì. Lónìí, àwọn àlejò ń ti ọ̀nà jíjìn wá wo ibẹ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà kì í wo ojú abọ́ nìkan. Yóò dojú rẹ̀ dé, yóò wá òǹtẹ̀ ìdí rẹ̀. Òǹtẹ̀ yìí ló ń sọ ibi tí abọ́ ti wá àti ẹni tó mọ ọ́n.

Ní 1923, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Michael Cardew lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Leach. Nígbà tó yá, ó ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, tí í ṣe Gánà òde òní. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ìjọba amúnisìn gbà á síṣẹ́ ní Nàìjíríà, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ ìmọkòkò sílẹ̀ ní Abuja àtijọ́, ìlú tí à ń pè ní Suleja báyìí.

Ibí yìí ni ìtàn ti sábà máa ń yí padà lẹ́nu àwọn èèyàn, tí wọn á ní òyìnbó ló kọ́ Ladi Kwali níṣẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí Cardew tó mọ̀ ọ́n rárá ni ìkòkò rẹ̀ ti wà láàfin Ẹ́míà Abuja, ibẹ̀ gan-an ni òyìnbó náà sì ti rí wọn. Ọ̀dọ̀ àbúrò òbí rẹ̀ obìnrin, ní abúlé Kwali, ni ọmọ Gbagyi yìí ti kọ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́ ká amọ̀ lé ara wọn, tí a sì ń ya aláǹgbá, àkekèé àti ẹja sí wọn lára. Nígbà tó wọ ilé ẹ̀kọ́ náà ní 1954, ó kọ́ bí a ṣe ń fi ọ̀dà dídán bíi dígí bo ìkòkò àti bí a ṣe ń sun ún nínú ààrò gbígbóná janjan. Àmọ́ kò fi ọwọ́ kíká tirẹ̀ sílẹ̀.

Ohun mìíràn tún kún un. Àwọn ìkòkò tó ṣe níbẹ̀ gba òǹtẹ̀ méjì: ti Abuja, àti lẹ́tà orúkọ tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi ìpàtẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, orúkọ bá wọn débẹ̀. Ní 1977, Yunifásítì Ahmadu Bello fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé. Bẹ́ẹ̀ ni kò jókòó ní ilé ẹ̀kọ́ ìwé rí.

Èwo ni ti àwọn tiwa? Ní Òkè-Ọ̀dàn, ìyá kan wà tó ń jẹ́ Àbátàn, tó ń mọ awo ọta Ẹ̀yinlẹ̀. Àwọn olórìṣà mọ ilé rẹ̀, wọ́n sì mọ ọwọ́ rẹ̀ lára ìkòkò. Òǹtẹ̀ kò ní wúlò fún wọn. Ìdí tí a fi ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lónìí ni pé Robert Farris Thompson, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, béèrè orúkọ, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Nínú ìlú ẹni, ọwọ́ ẹni ni òǹtẹ̀ ẹni. Ojú ọ̀nà ni orúkọ ti ń já bọ́. Nígbà tí ìkòkò bá ti inú ọkọ̀ ẹrù bọ́ sílẹ̀ ní ọjà ńlá bíi ti Kósọ̀fẹ́, ẹni tó ń tà á lè sọ ìlú tó ti wá. Kò dájú pé yóò lè dárúkọ ẹni tó mọ ọ́n. Ìkòkò àgbo di ìkòkò lásán, iye tí ọjà bá sì pè é náà ni amọ̀kòkò yóò gbà.

Àwọn ìyá ṣì ń mọ ìkòkò ní Dada ní Ìlọrin àti ní Ìpetumodù. Igi pẹ́ńpẹ́ tí a gbẹ́ lẹ́tà sí, tí a tẹ̀ mọ́ ìdí amọ̀ kó tó gbẹ, kò náni ní nǹkan kan. Kí àwọn ẹgbẹ́ amọ̀kòkò àti ìjọba ìbílẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ tiwọn kò kéré sí ti St Ives. Orúkọ ni a kò kọ sí i.