Owó Kòkó Yẹn: Ìdókòòwò Ni Àbí Ìnákúnàá?

Bí àwa ọ̀dọ́ bá ti ń jiyàn lórí owó tí ìjọba ń ná, kì í pẹ́ tí a fi máa ń dárúkọ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀. A ò purọ́. Àmọ́ a kì í sábà béèrè ẹni tó ni owó tí wọ́n fi ṣe é.

January 1955 ni ìjọba Action Group bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn. Lọ́dún 1954, ọmọ tó wà nílé ìwé ò tó 460,000. Nígbà tó fi máa di 1955, wọ́n ti lé ní 800,000. Kíláàsì ò tó, ọ̀pọ̀ tíṣà ò tíì kọ́ṣẹ́. Owó orí tí wọ́n bù lé aráàlú nítorí ẹ̀ bí àwọn èèyàn nínú débi pé NCNC ló borí Action Group ní Ìwọ̀ Oòrùn nínú ìbò ìjọba àpapọ̀ 1954.

Owó orí nìkan kọ́ o. Kòkó gan-an ni. Marketing Board ló ń bá àgbẹ̀ ta kòkó sókè òkun. Iye tí wọ́n ń san fún àgbẹ̀ kéré sí iye tí wọ́n ń tà á. Wọ́n ní àwọn ń fi ìyókù pamọ́ de ọjọ́ tí ọjà bá dojú rú. Láti 1954 tí owó náà ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, wọ́n ń ná an.

Lójú tiwa, ti ilé ìwé kì í ṣe ìnákúnàá rárá. Ọmọ àgbẹ̀ tó lowó ló jókòó sí kíláàsì. Ṣùgbọ́n inú àpò kan náà ni owó mìíràn ti jáde. Ní 1962, ìgbìmọ̀ ìwádìí Coker rí i pé owó ńlá láti Marketing Board ti gba ọ̀dọ̀ National Investment and Properties Company dé ọwọ́ Action Group. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa: "Investment" wà nínú ẹ̀! Àwọn kan ní òṣèlú ló wà nídìí ìwádìí náà, a ò sì lè sọ pé kò sí i níbẹ̀. Owó ṣáà ti lọ.

Nígbà tí owó kòkó wá já wálẹ̀ lágbàáyé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ọjọ́ tí wọ́n ń fowó pamọ́ dè ti dé. Wọ́n gé owó àgbẹ̀ kù. Ní 1968, Àgbẹ́kọ̀yà dìde nítorí owó orí. Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀, tó ti di kọmíṣọ́nà ètò ìṣúná ìjọba àpapọ̀, ló lọ bá wọn sọ̀rọ̀.