Báńdéèjì àti Ẹ̀jẹ̀ Tó Ń Dà: Láti Igbó Bọ́mà Dé Zaria Wa

Kò sí ẹni tó pẹ́ ní Zaria tí kò mọ Chindit Barracks, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ogun tuntun. Ṣùgbọ́n bí a bá bi àwọn ọmọ wa pé kí ni Chindit, ojú ni wọn yóò máa wò. Orúkọ àwọn ọmọ ogun tí ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì náà, Orde Wingate, kó wọ igbó Bọ́mà nígbà Ogun Hítílà ni. Ní ọdún 1944, àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára wọn. Ilé ìwòsàn jìnnà sí igbó náà púpọ̀; ọkọ̀ òfuurufú kéékèèké ni wọ́n fi ń gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ jáde. Kí ọkọ̀ náà tó dé ńkọ́? Báńdéèjì tó wà lápò ọmọ ogun ni wọ́n kọ́kọ́ gbójú lé.

Báńdéèjì yìí ní ìtàn tirẹ̀. Dókítà oníṣẹ́ abẹ ará Jámánì kan, Friedrich von Esmarch, kọ ìwé kan ní 1869 lórí bí a ṣe ń di ọgbẹ́ lójú ogun gan-an, kí a tó gbé aláìsàn kúrò níbẹ̀. Ní 1882, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ará ìlú lásán ní iṣẹ́ yìí ní ìlú Kiel. Nígbà tí Ogun Hítílà fi máa dé, aṣọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti ní àpò kékeré kan níwájú, lápá ọ̀tún, tó jẹ́ ti báńdéèjì nìkan.

Ọmọ Yorùbá kan wà tó yẹ kí a rántí níhìn-ín, Isaac Fadoyebo, ará Emure-Ile nítòsí Ọ̀wọ̀. Kì í ṣe Chindit. Olùtọ́jú aláìsàn ni nínú ẹgbẹ́ ogun kọkànlélọ́gọ́rin ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní oṣù Kẹta 1944, àwọn ará Japan yìnbọn lù ú lẹ́sẹ̀ àti níkùn. Òun àti ọmọ Sierra Leone kan wà nínú igbó títí di oṣù Kejìlá, àwọn ará abúlé ló ń bọ́ wọn. Ó padà sílé, wọ́n tẹ ìtàn rẹ̀ jáde ní 1999, ó sì kú ní 2012.

Èmi kì í ṣe dókítà. Iṣẹ́ ìjọba nínú ọ́fíìsì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń rí ní Sábó àti ní Kwangila bí ọ̀kadà bá gbá ènìyàn kò dára: kẹrosíìnì, ọ́ìlì mọ́tò, àní yanrìn pàápàá, ni wọ́n ń dà sójú ọgbẹ́. (Ewé Akíntọ́lá tí àwọn bàbá wa ń fún sójú ọgbẹ́ sàn ju ọ́ìlì lọ fíìfíì, àmọ́ ọgbẹ́ kékeré ló wà fún.) Ẹ̀jẹ̀ inú àgbàlagbà kò ju bíi líta 5 lọ, bí iṣan ńlá bá sì gé, ìṣẹ́jú díẹ̀ tó láti pa á. Títẹ̀ tí a tẹ ojú ọgbẹ́ ló ń ṣiṣẹ́: ó ń pa ẹnu iṣan dé kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè dì. Ẹ fi aṣọ mímọ́ lé e, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ pinpin, ẹ má máa ṣí i wò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, ẹ gbé aṣọ mìíràn lé ti àkọ́kọ́, kí ẹ wé e mọ́ ọn. Bí ìka bá tutù tí àwọ̀ rẹ̀ sì yí padà, ó ti le jù, ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Bí ìgò tàbí irin bá há síbẹ̀, ẹ má fà á yọ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní 2005 ni ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ahmadu Bello kó kúrò ní Tudun Wada lọ sí Shika, lójú ọ̀nà Funtua. Ọ̀nà ti gùn sí i fún àwa ará Sábó.

Ìbẹ̀rù ọlọ́pàá tún ń dá àwọn ènìyàn dúró, pàápàá bó bá jẹ́ ọgbẹ́ ìbọn. Òfin ọdún 2017 lórí ìtọ́jú ẹni tí ìbọn bà ti yanjú èyí: ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ gbà á, ìwé ọlọ́pàá wà o, kò sí o. Ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí 2 tí ìtọ́jú bá ti bẹ̀rẹ̀.