Àjàkálẹ̀-Àrùn ní Ojú Ọ̀nà Ìkẹjà àti Agége

Bí a bá fi ojú ìtàn wo Ìkẹjà àti Agége, a ó rí i pé ọ̀nà ni ó sọ àwọn ìlú méjèèjì di ńlá. Ní ọdún 1896 ni Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí la ojú irin láti Èkó lọ sí òkè. Nígbà tí ó fi di ọdún 1901, ọkọ̀ ojú irin ti dé Ìbàdàn, nígbà tí ó sì di ọdún 1912, ó ti ń lọ títí dé Kánò. Àwọn àgbẹ̀ Agége, tí wọ́n ti ń gbin kòkó kí ojú irin tó dé ọ̀dọ̀ wọn, wá rí ọ̀nà tí wọn yóò gbà kó ẹrù wọn dé etí òkun, wọ́n sì rí ọ̀nà tí wọn yóò máa gbà fi obì ránṣẹ́ sí Ilẹ̀ Haúsá. Lẹ́yìn èyí ni pápá ọkọ̀ òfúrufú dé sí Ìkẹjà ní àkókò ogun Hitler. Nígbà tí ogun náà tán, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn pín ilẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ níbẹ̀, èrò sì ń ti ibi gbogbo wá kún ìlú títí di òní. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kì í béèrè ohun tí ó wà nínú ẹrù ẹni. Ọ̀nà tí kòkó gbà jáde ni àrùn gbà wọlé. Ìtàn èyí ni a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, nítorí a ṣàkíyèsí pé a máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní orúkọ gómìnà àti ọdún ogun, ṣùgbọ́n a kì í sábà kọ́ wọn ní ọdún tí àrùn wọ̀lú.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní kò tí ì parí, ọkọ̀ òkun kan tí à ń pè ní Bida gúnlẹ̀ sí Èkó láti Gold Coast, ilẹ̀ tí ó di Ghana ní ọdún 1957. Àwọn aláìsàn wà nínú rẹ̀. Ikọ́, ibà àti ara ríro ni àìsàn wọn. Àwọn Òyìnbó ń pè é ní influenza, àwọn àgbà wa sì ń pè é ní lúkúlúkú. Kò pẹ́ tí ó fi gba Èkó kan. Láti Èkó ni ó ti wọ ọkọ̀ ojú irin pẹ̀lú àwọn èrò, ó kọjá ní Agége, ó dé Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, ó sì lọ títí dé Ilẹ̀ Haúsá. Àwọn onímọ̀ ìtàn ṣírò pé àwọn tí ó kú ní Nàìjíríà láàárín oṣù díẹ̀ sún mọ́ 500,000, nígbà tí gbogbo ènìyàn ilẹ̀ wa jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 18.

Àwọn wolé-wolé ń lọ láti ilé dé ilé ní Èkó nígbà náà, wọ́n ń wá aláìsàn, wọ́n sì ń kó wọn lọ. Kí ni àwọn ará ìlú ṣe? Wọ́n fi aláìsàn wọn pamọ́, ọ̀pọ̀lọpọ̀ sì sá kúrò ní ìlú, àwọn kan nínú ọkọ̀ ojú irin, àwọn kan nínú ọkọ̀ ojú omi, àwọn ẹlòmíràn fi ẹsẹ̀ rìn. Bí wọ́n ti ń sá fún wolé-wolé ni wọ́n ń gbé àrùn lọ sí abúlé tí kò tí ì dé. Ẹ má ṣe yára bá wọn wí. Ẹni tí ó wá kan ilẹ̀kùn wọn kò ní oògùn lọ́wọ́, kò sì mọ ohun tí ó fa àrùn náà gan-an. Ní ọdún 1933 ni àwọn oníṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí fáírọ́ọ̀sì tí ń fà á lára ènìyàn, nígbà tí ọdún 15 ti kọjá lórí ibojì àwọn tí ó kú.

Ẹ jẹ́ kí a fo ọdún púpọ̀ kọjá, kí a wá sí ọdún 2014. Àrùn Ebola kì í ṣe àrùn àná: ní ọdún 1976 ni a kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní Yambuku ní ilẹ̀ Kóńgò, a sì fi orúkọ odò kan ní agbègbè náà pè é. Kì í bá afẹ́fẹ́ rìn bí lúkúlúkú. Ẹ̀jẹ̀, èébì, ìgbẹ́ àti òógùn aláìsàn ni ó fi ń ràn, òkú rẹ̀ pẹ̀lú sì léwu. Ní òpin ọdún 2013 ó bẹ́ sílẹ̀ ní Guinea, láti ibẹ̀ ó sì wọ Liberia àti Sierra Leone. Kí ó tó rọlẹ̀ ní ọdún 2016, ó ti pa ju 11,300 ènìyàn lọ. Àwọn ará Èkó ń gbọ́ ìròyìn náà bí ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn baba wa sì ti sọ ọ́ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hùrù-hèrè rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, Patrick Sawyer, ọmọ ilẹ̀ Liberia tí ń lọ sí ìpàdé ECOWAS ní Calabar, ti Lomé wọ ọkọ̀ òfúrufú, ó sì bà sí Ìkẹjà. Ó dákú ní pápá ọkọ̀ òfúrufú. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn Ìjọba ń yanṣẹ́lódì ní àkókò náà, nítorí èyí ni a ṣe gbé e lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Obalende, First Consultants. Ó ní ibà ni ó ń ṣe òun, wọ́n sì kọ́kọ́ tọ́jú ibà fún un. Ṣùgbọ́n Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, tí ó jẹ́ àgbà dókítà níbẹ̀, yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ kejì, ó sì fura. Ó bi í bóyá ó ti bá alárùn Ebola pàdé, ó sẹ́. Dókítà náà yà á sọ́tọ̀, ó sì rán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Àwọn aṣojú ilẹ̀ Liberia ń tẹnu mọ́ ọn pé kí a dá ọkùnrin náà sílẹ̀ kí ó lè máa bá ìrìn-àjò rẹ̀ lọ. Ó kọ̀. Àwọn onímọ̀ fáírọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ ti Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò, wọ́n sì rí Ebola nínú rẹ̀. Ọkùnrin náà kú ní ọjọ́ 25 oṣù Keje.

Ó yẹ kí àwọn ọmọ ilé-ìwé wa mọ̀ pé Herbert Macaulay ni baba ńlá obìnrin yìí, àti pé Herbert Macaulay jẹ́ ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. A kò sọ èyí láti fi ìran yangàn; ìran kọ́ ni ó dúró ní ẹ̀bá bẹ́ẹ̀dì aláìsàn. Òun fúnra rẹ̀ kó àrùn náà, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ ọdún 2014, ní ẹni ọdún 57. Àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kú pẹ̀lú.

Nígbà náà ni kíkan ilẹ̀kùn tún bẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ètò ìlera ti ìjọba àpapọ̀ àti ti Ìpínlẹ̀ Èkó kó àwọn ènìyàn wọn jọ, wọ́n sì mú lára àwọn tí ó ti ń gbógun ti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ láti ọdún púpọ̀, àwọn tí ó mọ bí a ti ń rìn láti àgbàlá dé àgbàlá tí a sì ń kọ orúkọ sílẹ̀. Wọ́n wá gbogbo ẹni tí ó fara kan aláìsàn rí: 894 ni wọ́n kà. Nǹkan bí 150 òṣìṣẹ́ ń lọ wò wọ́n lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 21, wọ́n ń wọn ooru ara wọn. Iye ìgbà tí wọ́n fojú kojú pẹ̀lú wọn tó 18,500. Wọn kì í kó ẹni tí ara rẹ̀ le lọ. Ẹni tí ibà bá mú nìkan ni wọ́n ń gbé lọ sí Yábàá. Kò sí oògùn Ebola kan tí a fọwọ́ sí nígbà náà. Omi tí a po iyọ̀ àti ṣúgà pọ̀ mọ́ ni àwọn aláìsàn ń mu ní lítà lítà, kí omi ara wọn má ba à tán.

Ìbẹ̀rù kò ṣàìsí. Ọ̀rọ̀ kan gba orí tẹlifóònù kan pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí wọ́n sì mu ún. Àwọn kan gbà á gbọ́, wọ́n sì kú. Àwọn mìíràn gbẹ́kẹ̀ lé orógbó. Ẹnì kan tí ó ti fara kan aláìsàn náà sì fi Èkó sílẹ̀ lọ sí Port Harcourt, gẹ́gẹ́ bí ti àwọn tí ó sá ní ọdún 1918. Dókítà tí ó tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀ ni ó kú. Síbẹ̀, ènìyàn 20 péré ni àrùn náà mú ní gbogbo Nàìjíríà, 8 nínú wọn sì kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́.

Àwọn kan ní oríire ni. A kò gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a kò sì fẹ́ kí a yin iṣẹ́ náà kọjá ààlà. Ẹni tí ó ní Ebola lára kì í kó o ran ẹlòmíràn títí àìsàn yóò fi hàn lára rẹ̀, nítorí náà ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé dé ilé lè yára ju àrùn náà lọ. Lúkúlúkú kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí yóò ṣubú lọ́la ti lè fi ran ẹlòmíràn lónìí nínú ọkọ̀ ojú irin. Ẹni tí ó bá yin wolé-wolé ọdún 2014 tí ó sì bú ti ọdún 1918 kò ṣe ìdájọ́ òdodo. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí kì í ṣe ti àrùn: ẹni tí a ń bẹ̀ wò nínú ilé rẹ̀, tí a ń pè ní orúkọ, kò ní ìdí púpọ̀ láti sá bí ẹni tí a wá kó.

Ọdún 2020 fi èyí hàn kedere. Ní òpin oṣù Kejì, ará Ítálì kan gba Ìkẹjà wọlé, ó sì lọ sí ilé-iṣẹ́ kan ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní ọjọ́ 27 oṣù náà a mọ̀ pé àrùn Kòrónà ni ó wà lára rẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Èkó, ti ka gbogbo àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀dá fáírọ́ọ̀sì náà, lẹ́tà tí ó sún mọ́ 30,000. Èyí ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹ fi wé ọdún 15 ti lúkúlúkú! Síbẹ̀ mímọ̀ kò dá àrùn yìí dúró, nítorí ó ń rìn bíi lúkúlúkú, ṣáájú ikọ́. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta a ti pápá ọkọ̀ òfúrufú Ìkẹjà mọ́ àwọn èrò ilẹ̀ òkèèrè. Ní ọjọ́ 30 Ìjọba Àpapọ̀ ní kí gbogbo Èkó jókòó sílé, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ dákẹ́ ní ilé-iṣẹ́, ebi sì bẹ̀rẹ̀ sí pa alágbàṣe ojúmọ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án, ọkọ̀ òfúrufú láti òkèèrè tún bẹ̀rẹ̀ sí bà sí Ìkẹjà, olúkúlùkù èrò sì ní láti mú ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ dání.