Ìtàn Ìwádìí lórí Ọmọdé àti Oúnjẹ Àjèjì

Ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ ìyá fi ń rọ ọmọ tí ó bá kọ oúnjẹ láyé àtijọ́. Ǹjẹ́ ipá ni ó yẹ? Ní 1926, Clara Davis, oníṣègùn ọmọdé ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé onírúurú oúnjẹ síwájú àwọn ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. A kò gbọdọ̀ rọ̀ wọ́n, a kò sì gbọdọ̀ bá wọn wí. Àbọ̀ rẹ̀ ní 1939 fi hàn pé ara àwọn ọmọ 15 náà le. Ṣùgbọ́n àgbà ni ó ṣa oúnjẹ náà. Kò sí ṣúgà níbẹ̀.

Ní 1982, Birch àti Marlin rí i pé bí ọmọ ọlọ́dún méjì bá ṣe tọ́ oúnjẹ àjèjì wò tó ni ó ṣe ń fẹ́ràn rẹ̀ tó. Nítorí náà, kí olùkọ́ ṣa oúnjẹ rere, kí ó máa gbé e wá léraléra, kí ó sì fi jíjẹ sílẹ̀ fún ọmọ.