Olùgbé
Olùgbé ni ẹni tí ó fi ìlú kan ṣe ibùgbé, yálà ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí tàbí ó ṣí wá. Ní àwọn ilé tẹ́tẹ́ Las Vegas, ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ìpínlẹ̀ Nevada ni olùgbé fi ń rí ẹ̀dínwó gbà. Ìlú bàbá rẹ̀ kò kan ẹnikẹ́ni. Ní Ìjagun, ní ìpínlẹ̀ Ògùn ní Nàìjíríà, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Tai Solarin tí ó gba yàrá síbẹ̀ jẹ́ olùgbé, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀, tí ìjọba ìbílẹ̀ ń fún ènìyàn nítorí orírun, kò tọ́ sí i bí orírun rẹ̀ bá wà níbòmíràn.